Igi Ńlá Lórí Yìnyín

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé sílé wa ní Crumpsall níbí, ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi sì wúwo. Kí n tó bọ́ bàtà tán ni Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti gbé fọ́ọ̀mù kan wá bá mi. Họ́kì orí yìnyín ló ń kọ́ láti ọdún tó kọjá. (Ẹ má bi mí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló pè é síbi ọjọ́ ìbí, ó wọ bàtà onírin, ó ṣubú, ó dìde, ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.) Fọ́ọ̀mù jẹ́sì ni. Kí òbí kọ orúkọ tí wọ́n máa tẹ̀ sẹ́yìn aṣọ ọmọ sínú àpótí kékeré kan, kó sì dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ yìí ti fi pẹ́ńsù kọ tirẹ̀ síbẹ̀ ná: RENNY.

Mo ní, "Ta ni Renny?"

"Mọ́mì, èmi náà ni. Adébámigbé ti gùn jù. Wọn ò sì lè pè é."

Mi ò bá a jà. Káàdì tí mo ń fi kọ́rùn níbi iṣẹ́, "Toyin" ni mo ní kí wọ́n kọ sí i, torí mi ò lè máa kọ́ ẹni tó ń jẹ̀rora bí wọ́n ṣe ń pe Olúwatóyìn. Ẹnu wo ni n óò wá fi bá ọmọ wí? Mo ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì, kó jẹ́ kí n sùn.

Oorun ò wá. Orúkọ mìíràn ló ń yí lójú mi, èyí tí mo rí lẹ́yìn aṣọ ọmọbìnrin kan ní oṣù Júùnù 2022. Iṣẹ́ alẹ́ náà ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, nígbà tí àwọn aláìsàn ti sùn, mo jókòó sínú yàrá ìsinmi pẹ̀lú tíì mi, mo ń fọwọ́ yí fóònù. Àwòrán àwọn ọmọbìnrin Kánádà kan jáde, wọ́n gba mẹ́dàlì wúrà, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ọ̀kan kẹ̀yìn sí mi. IGINLA. Mo tún un kà. Mo wá pè é sókè bí a ṣe máa pè é ní Ìbàdàn: Igi ńlá. Ẹlẹgbẹ́ mi ará Philippines béèrè pé kí ló dé. Mo ní, "Igi ni! Igi tó tóbi! Èdè wa nìyẹn." Ó wò mí bíi pé ó yẹ kí n máa lọ sílé.

Jade Iginla lorúkọ ọmọ náà. Ìdíje àgbáyé họ́kì orí yìnyín ti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni, ní Madison àti Middleton, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 13 oṣù Júùnù. Kánádà àti Amẹ́ríkà ló pàdé nínú àṣekágbá. Góòlù mẹ́ta sí méjì ni Kánádà fi borí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ wa ṣe dé ibẹ̀. Bàbá bàbá Jade jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti Nàìjíríà lọ sí Kánádà. Adékúnlé ló ń jẹ́ nílé. Nígbà tó dé Kánádà, ó pa Adékúnlé tì, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Elvis. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Ta ni nínú àwa tí a wà lẹ́yìn odi yìí tí kò ní Elvis tirẹ̀? Tèmi ló wà lọ́rùn mi yẹn, tọmọ mi sì ti wà lórí fìríìjì. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Elvis ṣe: ó pààrọ̀ orúkọ iwájú, kò pààrọ̀ ti ẹ̀yìn. Iginla dúró. Ó kàwé, ó di lọ́yà. Òun àti Susan Schuchard, obìnrin kan láti Oregon ní Amẹ́ríkà, bí Jarome ní Edmonton ní ọjọ́ 1 oṣù Júláì 1977. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, Adékúnlé tí bàbá pa tì tún padà wọlé. Ẹ kà á pẹ̀lú mi: Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tig Junior Elvis Iginla. Adekunle rèé, Elvis rèé, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Àwọn òbí rẹ̀ ò pẹ́ pọ̀. Ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ ní St. Albert, bàbá ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé e lọ sórí yìnyín. Nígbà tí àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ fún un pé kò sí adúláwọ̀ nínú líìgì ńlá, á nawọ́ sí Grant Fuhr, aṣọ́lé Edmonton Oilers. Èyí tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Calgary àti Edmonton mọ̀ ọ́n jù mí lọ: góòlù 625 nínú líìgì ńlá, àti wúrà Òlíńpíìkì ní Salt Lake City ní 2002, níbi tó ti di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Ọkùnrin ni mo wí o. Obìnrin ti ṣáájú rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀: Vonetta Flowers, ará Amẹ́ríkà.

Ìtàn bàbá la máa ń sọ. Èmi fẹ́ mọ ti ọmọ. Mo ń bi ara mi pé kí ló gbà kí ọmọbìnrin tó lè gbé orúkọ kan náà dé ìdíje àgbáyé. Bí mo ṣe ń kà á ló ń yé mi pé orúkọ náà ti wà tipẹ́, ibi tí ọmọbìnrin máa gbé e lọ ni kò sí.

Ká bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé. Tí ẹ bá tẹ̀lé Cheetham Hill Road láti apá ọ̀dọ̀ wa lọ sí àárín ìgboro, ẹ máa kan Derby Street. Òpópónà yẹn ni wọ́n kọ́ Manchester Ice Palace sí, ààfin yìnyín, tí wọ́n ṣí ní 1910. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gba àdúgbò yẹn kọjá lọ ra ẹran ewúrẹ́ kí n tó mọ̀. Ní 1912, ìdíje àgbáyé ijó orí yìnyín wáyé ní Manchester, ti àwọn ọkùnrin àti ti tọkùnrin-tobìnrin. Ti àwọn obìnrin nìkan, Davos ni wọ́n ti ṣe é, lórí òkè ní Switzerland. Phyllis Johnson àti ọkọ rẹ̀ James, ọmọ ilẹ̀ Britain, ló gba ti tọkùnrin-tobìnrin. Ẹ rí i pé obìnrin lè gba ipò kìíní lágbàáyé ní ìtòsí Crumpsall nígbà yẹn, bó bá ṣáà ti di ọkùnrin lọ́wọ́ mú. Wọ́n ti ààfin náà pa ní 1967.

Ti họ́kì le ju ti ijó lọ. Láti 1920, ní Antwerp, ni àwọn ọkùnrin ti ń ṣe ìdíje àgbáyé tiwọn. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin ò gbá a. Àwòrán kan wà láti nǹkan bí 1890, Isobel Stanley ló wà níbẹ̀, ọmọ gómìnà àgbà Kánádà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ife Stanley. Aṣọ funfun gígùn tó ń wọ́ nílẹ̀ ló wọ̀, ọ̀pá họ́kì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí yìnyín. Wọ́n ti ń gbá a, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣètò ìdíje àgbáyé fún wọn.

Ní 1987, àwọn obìnrin Ontario ṣe é fúnra wọn. Ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin ní Ontario, tí Fran Rider jẹ́ ààrẹ rẹ̀, pe ikọ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá sí agbègbè Toronto. Kò sí òǹtẹ̀ àjọ àgbáyé lórí rẹ̀. Ife tí wọ́n ń dù, Hazel McCallion ni wọ́n fi sọrí, ìyá tó jẹ́ olórí ìlú Mississauga nígbà náà. Màmá yìí ti gbá họ́kì ní Montreal nígbà èwe rẹ̀, dọ́là márùn-ún ni wọ́n ń san fún un lórí eré kan. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí òun ti gbá a kí àwọn obìnrin tó ní ife tí wọ́n lè pè ní ti àgbáyé. Ẹni ọdún 101 ni nígbà tó kú ní 2023. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, bí mi ò tilẹ̀ rí i rí.

Ìdíje yẹn ló la ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àjọ àgbáyé fọwọ́ sí i, wọ́n sì ṣe àkọ́kọ́ ní Ottawa, ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 25 oṣù Máàṣì 1990. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló wá. Aṣọ pupa tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Kánádà, wọn ò fún àwọn obìnrin. Pínǹkì ni wọ́n fún wọn, kí àwọn èèyàn lè wò wọ́n. Àwọn èèyàn wò wọ́n lóòótọ́: 8,784 ló jókòó síbi àṣekágbá, Kánádà sì na Amẹ́ríkà, 5 sí 2. Inú ń bí àwọn kan sí pínǹkì yẹn títí dòní. Ní tèmi, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọ̀ aṣọ. Aṣọ wa ní ilé ìwòsàn náà, ta ló bi wá léèrè?

Ohun kan wà tó dá mi dúró gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Ní 1990 yẹn, òfin ṣì gbà kí obìnrin fi gbogbo ara kọlu ẹnìkejì rẹ̀ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn ìdíje náà ni wọ́n fòfin dè é fún àwọn obìnrin. Mo ti tọ́jú ẹni tó fi orí gbá nǹkan rí, mo mọ bí ó ṣe máa ń gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ̀, torí náà mi ò lòdì sí òfin yẹn rárá. Ohun tí kò yé mi ni pé orí ọkùnrin náà, ọpọlọ ló wà nínú rẹ̀.

Obìnrin dúdú wà nínú ikọ̀ aláṣọ pínǹkì yẹn. Angela James ni. Flemingdon Park ní Toronto ló dàgbà sí, nínú ilé tí ìjọba ń yá àwọn tí kò lówó. Ìyá rẹ̀, òyìnbó, ló dá a tọ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin dúdú láti Mississippi. Ó gbá góòlù mọ́kànlá wọlé nínú eré márùn-ún ní Ottawa. Ẹ ka iye yẹn dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá gba họ́kì obìnrin wọlé sí Òlíńpíìkì, ní Nagano ní 1998, wọn ò mú un lọ. Ó ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, wọ́n gbé ikọ̀ jáde láìsí orúkọ rẹ̀. Ní 2010 ni ilé ìrántí àwọn akọni họ́kì ní Toronto wá ṣílẹ̀kùn fún obìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́, òun àti Cammi Granato ti Amẹ́ríkà ló jọ wọlé. Mo wo fọ́nrán ọjọ́ yẹn. Mo sunkún díẹ̀, bóyá torí àárẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn Iginla, kí ẹ lè rí ohun tí mo ń wí. Ọdún 1977 tí wọ́n bí Jarome, ọdún yẹn gan-an ni àjọ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Bíi pé wọ́n ń dúró dè é ni. Ní 1996, ní Boston, ó wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní àmì jù ú lọ nínú ìdíje náà, Kánádà gba wúrà. Ọdún 2004 ni wọ́n bí Jade. Nígbà yẹn, ìdíje àgbáyé kankan ò sí fún ọmọbìnrin tí kò tíì dàgbà. Ní 2008 ni wọ́n tó ṣe àkọ́kọ́, ní Calgary, ìlú tí bàbá rẹ̀ ti ń gbá họ́kì. Ọmọ náà ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin lọ. Ká ní wọ́n bí i ní ọdún 1977 bíi bàbá rẹ̀, kì bá rí ibi kankan gbé orúkọ náà lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Kò sì dájú pé òun náà máa rí i, torí Kòrónà. Ìdíje àwọn àgbà obìnrin ní Halifax àti Truro ní 2020, wọ́n fagi lé e. Wọ́n sún un sí 2021, ìjọba Nova Scotia tún dá a dúró nígbà tí àwọn kan ti dé ibẹ̀ tán. Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni wọ́n tó ríbi ṣe é, ní Calgary. Ti àwọn ọmọbìnrin ò wáyé rárá ní 2021. Ti 2022, Sweden ló yẹ kó gbà á ní oṣù Jánúárì. Ọjọ́ 24 oṣù Dìsẹ́ńbà 2021, tó kù ọ̀la kí wọ́n ṣe Kérésì, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, ọdún kejì tẹ̀léra. Ní ọjọ́ 26, ìdíje àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ̀rẹ̀ ní Alberta. Àrùn wọ ibẹ̀ náà, wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn á tún un ṣe tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn obìnrin fariga. Wọ́n béèrè ní gbangba pé ti àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ariwo yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n ríbi fún un ní Wisconsin ní oṣù Júùnù.

Èmi tí mo wà ní wọ́ọ̀dù nígbà yẹn, tí mo rí ohun tí ojú mi rí, mi ò ní sọ pé kí wọ́n má fagi lé eré. Ìlera ṣáájú. Ohun tó ń ká mi lára ni bí wọ́n ṣe ń tò ó: ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, ta ni wọ́n sì ń dúró dè kó padà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní Jánúárì kò ní jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún títí ayé. Ká ní kò sí Wisconsin, IGINLA ò bá má hàn lẹ́yìn aṣọ ọmọbìnrin kankan nínú ìdíje yẹn lọ́dún náà, mi ò bá sì mu tíì mi tán láìmọ nǹkan kan.

Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú Wisconsin, ní Beijing, obìnrin dúdú kan ti kó àmì méjìdínlógún jọ nínú ìdíje Òlíńpíìkì kan ṣoṣo, èyí tí obìnrin kankan ò ṣe rí nínú họ́kì, ó sì gba wúrà. Orúkọ rẹ̀? Sarah Nurse. Ẹ̀yin ará, mo búra, Nurse ló ń jẹ́! Tádà bàbá rẹ̀, láti Trinidad. Mo sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn ní ibi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní 2024, ní Utica ní ìpínlẹ̀ New York, Laila Edwards, ọmọ ogún ọdún, di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó bá Amẹ́ríkà gbá ìdíje àgbáyé, òun náà ni wọ́n sì yàn bí ẹni tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà. Orúkọ Yorùbá náà ti ń wọ yìnyín láti ọ̀nà mìíràn: Seun Adigun ló dá ikọ̀ tó fi ọkọ̀ yìnyín díje fún Nàìjíríà sílẹ̀ fún Òlíńpíìkì PyeongChang ní 2018, ibẹ̀ náà ni Simidele Adeagbo ti dojú bolẹ̀ lórí pẹpẹ irin, tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Ìyẹn ò ṣeé wò fún mi. Mo fọwọ́ bojú.

Nígbà tí mo jí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo sọ ìtàn Adékúnlé àti Elvis fún Morẹ́nikẹ́ nígbà tí a ń jẹ iyán àti ẹ̀fọ́. Mi ò sọ ohun tó yẹ kó kọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ń pè é dáadáa? Igi ńlá?"

Mo ní rárá, wọn ò pè é dáadáa. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Calgary, "Iggy" ni wọ́n ń pe Jarome, gbogbo wọn, fún ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi gbá a níbẹ̀. Ẹnu wọn ń pe Iggy, ojú wọn ń ka IGINLA lẹ́yìn aṣọ.

Ó ronú díẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Tí Iginla bá jẹ́ igi ńlá, kí ni tiwa?"

"Adé bá mi gbé. Adé ń bá mi gbé inú ilé kan náà."

Ó fi ìka ka lẹ́tà rẹ̀ lórí tábìlì. Mẹ́wàá ni. Kò sọ nǹkan mìíràn, ó bu ẹ̀fọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní ká dá fọ́ọ̀mù padà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí mo ti iṣẹ́ dé, mo rí i pé ẹnì kan ti fi rọ́bà pa RENNY rẹ́. Àpótí náà ṣófo, pẹ́ńsù wà lórí fìríìjì. Mi ò fọwọ́ kàn án.